Oògùn Ni Tàbí Omi Iyọ̀

Oòrùn ń ran bí ẹni pé ó ń bá ayé jà lọ́jọ́ tí Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ fojú kan ọkùnrin náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, ó ga fíofío, ó wọ kóòtù òtútù kan tó nípọn bíi tìmùtìmù, síìpù rẹ̀ fà dé ọ̀fun, òógùn sì ń ṣàn láti iwájú orí rẹ̀ wá sí àgbọ̀n. Àwọn tó ń kọjá lójú títì ń bojú wẹ̀yìn wò ó. Obìnrin kan tiẹ̀ fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Abẹ́rẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Ẹ̀rín ń pa á, ṣùgbọ́n ó rántí pé oníbàárà ni.

"Ẹ káàsán o," ó ní. "Ìlú wo lẹ ti ń bọ̀ tí òtútù ń mú níbẹ̀?"

"Ibi iṣẹ́ ni," ọkùnrin náà dáhùn, ohùn rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ẹ́ pin. "Síìpù yìí ló há. Mo ti fà á títí, ó kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bọ́ ọ, àmọ́ ẹ má gé e. Aṣọ ilé iṣẹ́ ni."

Ẹ̀rín tí Abẹ́rẹ́ ń pa mọ́ bú jáde. Ó gbé àpótí fún un kó jókòó, ó mú ìṣẹ́kù àbẹ́là kan nínú dúrọ́ọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í pa eyín síìpù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà gba kó sún mọ́ ọn gan-an. Ó ń rí bí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò.

"Ẹ má mí ná," ó ní.

"Tí mi ò bá mí, ẹ̀yin lẹ máa sin mí."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba aṣọ yín sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ ṣe."

Síìpù náà yọ̀, kóòtù ṣí, ọkùnrin náà sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ó ní ibi tí wọ́n ń tọ́jú nǹkan dídì ní ilé ìwòsàn ńlá lòun ti ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni Abẹ́rẹ́ ti sọ ọ́ ní Oníyìnyín. Orúkọ tirẹ̀ náà, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ ìránṣọ ni bàbá rẹ̀ ṣe fún un. Ẹnu rẹ̀ ni. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, bàbá a máa wí, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo aṣọ Oníyìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Lónìí àpò, lọ́la ọrùn. Nígbà tó gbé ṣòkòtò kan wá tí ibi tó ya gún régé, Abẹ́rẹ́ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, ó wo olówó rẹ̀.

"Ta ló gé ṣòkòtò yìí?"

"Ìṣó ni."

"Ìṣó tó mọ ìlà gé tó báyìí, sọ fún un kó wá bá mi ṣiṣẹ́. Wò ó, tí o bá fẹ́ rí mi, wá rí mi. Fi ṣòkòtò sílẹ̀, kò ṣẹ̀ ẹ́."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí iṣẹ́ bá ti parí, wọn a jọ rìn dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé èrò, wọn a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, bọ́ọ̀sì á wá, á lọ, wọn ò ní rí i. Ọwọ́ Oníyìnyín máa ń tutù nígbà gbogbo. Abẹ́rẹ́ a kó o sáàárín àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀, a ní ọwọ́ yìí dà bí ẹsẹ̀ ìyá àgbà, a sì máa fi ẹnu fẹ́ ẹ títí tó fi máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìfẹ́ tí kò pariwo ni, ó sì ń jinlẹ̀ lójoojúmọ́.

Lórí bẹ́ǹṣì yẹn ló ti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní sẹ́ẹ̀lì kan wà lára ènìyàn tí àwọn máa ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ìyá, nítorí òun ló ń bí àwọn yòókù. Sẹ́ẹ̀lì ìyá yìí kì í fi ọmọ sílẹ̀ lásán. Ó máa ń di iṣẹ́ sínú àpò tíntìntín, á fi í ránṣẹ́ sí wọn pé ẹ dìde, ẹ tún ara yín ṣe. Ẹ̀kísósóòmù ni àwọn oníwèé ń pe àpò náà, ojú lásán ò sì lè rí i láéláé. Wọ́n ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì ìyá nínú ìgò, wọ́n ń gba àpò yìí lára rẹ̀, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sínú fírísà tó tutù ju yìnyín lọ, wọ́n sì ń kán an sí ihò imú àwọn tí àìsàn ń jẹ ọpọlọ wọn, bóyá iṣẹ́ inú rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń kú lọ.

"Ó máa ń ṣiṣẹ́?" Abẹ́rẹ́ bi í.

"A ò tíì mọ̀. Ìdí tí a fi ń dán an wò nìyẹn."

Ìdáhùn yẹn wọ Abẹ́rẹ́ lára ju gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí ọkùnrin náà ti sọ lọ. Àwọn tó ń ta oògùn ní ìgboro yìí, kò sí èyí tí ò mọ̀ nínú wọn. Àgbo, abẹ́rẹ́, òróró, gbogbo rẹ̀ ló ń wo gbogbo nǹkan. Ọkùnrin tó lè sọ pé òun ò mọ̀, ó ṣọ̀wọ́n.

Ohun kan wà tí òun náà ò sọ fún Oníyìnyín. Àyà rẹ̀ já nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ihò imú, nítorí wọ́n ń kán nǹkan sí bàbá rẹ̀ nímú ní ilé ìwòsàn yẹn gan-an. Onígbàjámọ̀ ni bàbá, iṣẹ́ náà sì ti di ara rẹ̀. Olówó àti tálákà ti gbé orí wọn fún un rí. Àfi lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ dédé gbọ̀n, tí abẹ sì já oníbàárà kan létí jẹ. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ nǹkan. Ó nu abẹ, ó bẹ oníbàárà náà, ó sì ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ yẹn. Àìsàn tí ń jẹ iṣan ọpọlọ díẹ̀díẹ̀ ni, àwọn dókítà wí. Láti ìgbà náà ni Abẹ́rẹ́ ti ń tú gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, tó ń fi bọ́tìnnì onírin tí ọwọ́ gbígbọ̀n lè tẹ̀ pa sí abẹ́, tó sì ń rán bọ́tìnnì padà sójú aṣọ, kó má ba à hàn sí ará ìta.

Ó pa á mọ́ fún Oníyìnyín nítorí ó fẹ́ fi ṣe ẹ̀bùn. Ó rò ó lọ́kàn pé lọ́jọ́ tí òun bá mú un wálé, òun á sọ fún bàbá pé ẹ wo ẹni tó ń po oògùn yín. Inú àwọn méjèèjì á dùn. Kí ni Abẹ́rẹ́ mọ̀?

Ọjọ́ náà pé. Oníyìnyín wọlé, ó kí bàbá, ó kí màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n fún un ní àga àti omi tútù. Ọ̀dọ̀ dókítà ni bàbá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, káàdì tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bàbá ń ṣàwàdà pé irun ọkùnrin yìí, ẹni tó gẹ̀ ẹ́ kórìíra rẹ̀. Ni Abẹ́rẹ́ bá dá sí i, ẹ̀rín lẹ́nu:

"Bàbá, ẹ má bú u o. Òun ló ń po oògùn tí wọ́n ń kán sí yín nímú."

Ojú Oníyìnyín lọ sára káàdì náà. Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀ pátápátá. Ó dìde, ó gbé ife omi kalẹ̀ láìmu, ó bẹ bàbá àti màmá pé kí wọ́n má bínú, ó sì jáde. Màmá wo ilẹ̀kùn, ó wo Abẹ́rẹ́. Ó ní ṣé wọ́n máa ń ya wèrè nílé wọn ni.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Oníyìnyín wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó rọra ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dán oògùn wò. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń gba oògùn, àwọn kan ń gba omi iyọ̀ lásán, ìgò wọn sì jọra. Aláìsàn ò mọ èyí tí òun ń gbà, nọ́ọ̀sì tó ń kán an ò mọ̀, Dókítà Àgbà tó ń darí gbogbo rẹ̀ pàápàá ò mọ̀. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára ìgò. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń pò ó ló mọ nọ́ńbà tó jẹ́ ti oògùn àti èyí tó jẹ́ ti omi iyọ̀, òfin iṣẹ́ ẹni náà sì ni pé kò gbọdọ̀ mọ ojú ẹni tó ni nọ́ńbà kankan.

"Mo ti lọ sọ fún Dókítà Àgbà láàárọ̀ yìí pé mo ti mọ ojú ẹnì kan," ó ní. "Wọ́n ti mú mi kúrò nídìí oògùn. Ibi tí wọ́n ti ń fọ ìgò ni mo wà báyìí, títí gbogbo rẹ̀ á fi parí."

Abẹ́rẹ́ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgò. Ibi kan ṣoṣo ló gbọ́.

"Ìwọ lo ń pò ó. O mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Èwo ni wọ́n ń kán sí bàbá mi nímú?"

"Mi ò lè sọ ọ́."

"O ò lè sọ ọ́, àbí o ò fẹ́ sọ ọ́?"

"Méjèèjì," ó ní. "Ìfẹ́ mi, gbọ́ mi yé. Ẹni tó bá mọ̀ pé oògùn lòun ń gbà, inú rẹ̀ á dùn, ọwọ́ rẹ̀ á sì balẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé omi iyọ̀ ni, ọkàn rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì, ara náà á tẹ̀ lé e. A ò ní mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ oògùn àti èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọkàn mọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ti fara dà á di asán."

"Bàbá mi kọ́ ni ìgò. O jókòó síwájú ẹ̀, o rí ọwọ́ ẹ̀. O fẹ́ fẹ́ mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹ?"

"Kò sí lẹ́nu mi. Inú mi ló wà, ibẹ̀ ló máa kú sí."

Kóòtù Oníyìnyín wà lórí pẹpẹ lọ́jọ́ náà, Abẹ́rẹ́ ń bá a pààrọ̀ síìpù rẹ̀. Ó gbé e pẹ̀lú gbogbo pín-ìn-nì tó ṣì wà lára rẹ̀, ó gbé e lé e láyà, ó ní kó máa lọ. Pín-ìn-nì gún ọkùnrin náà lọ́wọ́. Ó gbé e, ó lọ.

Tí ẹ bá sì fẹ́ dá Abẹ́rẹ́ lẹ́bi, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ta ni kò ní bínú? Bàbá tó bí ọ lọ́mọ ń gbọ̀n lójú rẹ, ẹni tó ń pè ọ́ ní ìfẹ́ mi mọ̀ bóyá oògùn ni wọ́n ń fún un tàbí omi tí wọ́n bu iyọ̀ sí, ó sì pa ẹnu mọ́. Ẹni tí irú rẹ̀ ò bá dùn, ara onítọ̀hún ò pé.

Màmá gbọ́, ó ní òun ti mọ̀. Ó ní ọkùnrin tó lè pa irú ọ̀rọ̀ báyìí mọ́ síkùn, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ìyàwó kejì, ìgbà tí ìyẹn bá bímọ tán ni ìyá ilé máa tó gbọ́. Ó kìlọ̀ pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ilé òun mọ́.

Kí ló wá tún dé? Nígbà tí ìdánwò náà bẹ̀rẹ̀, ara bàbá ti gbé pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé èékánná, ó sì pe gbogbo ilé wá wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, gbígbọ̀n náà padà dé pẹ̀lú ìbínú. Ṣíbí ò dúró lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń wúwo. Abẹ́rẹ́ ń wò ó, ó sì ń rántí ojú Oníyìnyín lọ́jọ́ tó rí káàdì. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ojú tó kú bẹ́ẹ̀ yẹn, ojú ẹni tó ń káàánú ènìyàn ni.

Ó mú un mọ́ra títí, kò rí i mú mọ́ra mọ́. Níbi tó ti ń wọ ẹ̀wù fún bàbá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó tú u síta pé kó má lọ sí ilé ìwòsàn yẹn mọ́, pé omi iyọ̀ ni wọ́n ń kán sí i nímú láti ọjọ́ yìí, pé ọkùnrin yẹn mọ̀, pé wọ́n kàn ń fi í ṣeré.

Ọwọ́ bàbá ń gbọ̀n lórí orúnkún. Ó wá ní:

"Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò mọ̀ pé ó lè jẹ́ omi iyọ̀? Dókítà Àgbà sọ ọ́ fún mi kí n tó gbà. Ó ní bóyá oògùn, bóyá omi iyọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gba omi iyọ̀, bá a bá ṣe tán, ẹ̀yin náà á gba oògùn. Mo ní ó dáa. Ẹnì kan ní láti gba omi iyọ̀, Abẹ́rẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, báwo ni wọ́n á ṣe mọ̀?"

"Ọmọkùnrin yẹn mọ̀, kò sọ."

"Òun gan-an ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo ìgbà tí mo fi fárí, ohun táwọn ènìyàn sọ lórí àga mi, orí àga yẹn ló kú sí. Ọkọ sọ ti ìyàwó, ìyàwó ọ̀gá sọ ti ọ̀gá nígbà tó mú ọmọ wá fárí. Ìyá rẹ bi mí títí, ó sú u. Ọkùnrin tó kọ̀ tí ò sọ ti èmi fún ẹ, kò ní sọ ti ẹ fún ẹlòmíràn láé. Ẹ̀tẹ̀ lo fi sílẹ̀ tí o ń pa làpálàpá. Àìsàn yìí ni kó o bínú sí. Wọ̀ mí lẹ́wù, mo ti pẹ́."

Abẹ́rẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni bàbá sọ, èyí sì tún mú kí inú bí i sí i. Ó wọ̀ ọ́ lẹ́wù, ó sìn ín dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n ń kọjá níwájú ibi tí wọ́n ti ń fọ ìgò, ó rí Oníyìnyín láti ojú fèrèsé. Ó wọ épírọ́ọ̀nù onírọ́bà, ọwọ́ rẹ̀ bó nínú omi ọṣẹ, ó sì tẹ̀ lórí bàsíà bí ẹni tí kò nírètí kankan. Àánú rẹ̀ ṣe Abẹ́rẹ́. Kò wọlé. Ọkàn ti gbà, ẹnu ò tíì gbà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n pe gbogbo àwọn aláìsàn àti ará ilé wọn jọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn. Dókítà Àgbà, ìyá kan tí irun orí rẹ̀ ti funfun, ló dìde. Ohùn rẹ̀ ò dún dáadáa. Ó ní ilé iṣẹ́ apoògùn tó ń náwó sí ìdánwò náà ti ní kí àwọn dá a dúró. Ó ní àwọn tó gba oògùn, àìsàn wọn rọra rìn díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ò pọ̀ tó fún òun láti fi búra. Ó wá ń pè wọ́n ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ohun tí wọ́n gbà. Nígbà tó kan bàbá, ó wò ó lójú, ó ní:

"Omi iyọ̀ ni, Bàbá. Ẹ ṣeun."

Bàbá mi orí. Ojú rẹ̀ fà ro. Fún gbogbo ìrìn àjò yẹn, fún gbogbo àárọ̀ tí ẹsẹ̀ ò fẹ́ gbé e dé ìdúró bọ́ọ̀sì, omi iyọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń retí. Gbogbo àwọn olómi iyọ̀ ló ń retí, wọ́n jókòó wò ó bí ọmọ ilé ìwé tí wọn ò tíì pe orúkọ rẹ̀. Ìlérí ṣì wà nílẹ̀.

Aṣojú ilé iṣẹ́ apoògùn ló gba ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ìlérí yẹn, ti ìgbà tí ìdánwò bá parí ni. Ìdánwò yìí ò parí, wọ́n dá a dúró ni. Nítorí náà, kò sí oògùn fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní wọ́n ti ṣe ohun ńlá fún ìmọ̀ ìṣègùn.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ ènìyàn fi ẹnu sọ. Ó sọ ọ́ síwájú àwọn àgbàlagbà tó ti gbé imú fún un bí ẹni tó gbé ọrùn fún abẹ, ẹ̀rín ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Gbọ̀ngàn náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Abẹ́rẹ́ dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá. Oògùn náà ti tán ni?"

"Ẹrù ilé iṣẹ́ ni oògùn yẹn, Mádáàmù. Mi ò lè sọ̀rọ̀ lé e lórí."

"Mi ò bi yín pé ta ló ni ín. Mo ní ṣé ó ti tán?"

Aṣojú náà wo Dókítà Àgbà. Ìyá náà ń wo ilẹ̀, wọ́n ti kìlọ̀ fún un. Ojú Abẹ́rẹ́ lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ dúró sí. Oníyìnyín wà níbẹ̀ pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Abẹ́rẹ́ ò bi í léèrè ohunkóhun. Oníyìnyín fúnra rẹ̀ ló gbé ẹsẹ̀ síwájú.

"Kò tíì tán," ó ní. "Ó wà nínú fírísà. Ó tó gbogbo àwọn tó gba omi iyọ̀, torí tiwọn ni a ṣe pò ó sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ dà á nù."

Aṣojú náà ní ṣé ó mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Oníyìnyín ní òun mọ̀. Ó ní nọ́ńbà àwọn ènìyàn ni wọ́n ní kí òun pa mọ́, òun sì pa á mọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun. Ẹnikẹ́ni ò bá òun ṣàdéhùn pé kí òun bo irọ́.

Ariwo wá sọ. Màmá Abẹ́rẹ́, tó ti ní kí ọmọkùnrin yẹn má tẹ ilé òun mọ́, ló kọ́kọ́ gbé àga rẹ̀ jáde, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá fírísà, ó jókòó, ó ní kí ẹni tó fẹ́ da oògùn nù gba orí òun kọjá. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń gbọ̀n jókòó, àwọn tí ò lè rìn ní kí wọ́n gbé àwọn wá. Dókítà Àgbà bọ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀ sórí tábìlì, ó jókòó tì wọ́n, ó ní ẹnu òun ni ìlérí yẹn ti jáde. Àwọn oníròyìn dé. Ilé iṣẹ́ apoògùn fi àáké kọ́rí, lẹ́yìn náà wọ́n ń ronú, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní àánú ṣe àwọn. Àánú kọ́. Ojú ló tì wọ́n, rédíò sì ni ò jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kán an fún bàbá, Dókítà Àgbà ní òun ò mọ ẹlòmíràn tó lè pò ó bó ṣe yẹ. Oníyìnyín ni wọ́n ránṣẹ́ pè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìgò náà wọlé. Bàbá gbé ojú sókè lórí àga.

"Ọmọ mi, kí lèyí?"

Oníyìnyín kúnlẹ̀ ti àga náà.

"Oògùn ni, Bàbá," ó ní, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. "Oògùn ni."

Bàbá gbé ọwọ́ tó ń gbọ̀n lé e lórí. "Mo mọ ohun tó ná ẹ láti má sọ pé omi iyọ̀ ni," ó ní. Ó sì gbé imú sókè.

Ṣé ó wò ó sàn? Kò wò ó sàn, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Wọ́n kán an títí ohun tó wà nílẹ̀ fi tán. Ọwọ́ bàbá ṣì ń gbọ̀n. Kò tíì gbọ̀n ju bó ṣe wà lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí lọ, ìyẹn nìkan ni wọ́n lè sọ. Kò sí ẹni tó lè sọ bóyá oògùn ni, bóyá ọkàn rẹ̀ ni, àwọn tó yẹ kó wádìí rẹ̀ dópin sì ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n ti gba ibòmíràn lọ síbi tí èrè wà.

Lẹ́yìn tí wọ́n kán èyí tó kẹ́yìn, Abẹ́rẹ́ bá Oníyìnyín lórí bẹ́ǹṣì ìta ilé ìwòsàn. Ó jókòó tì í. Wọn ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ láti ọjọ́ tó ti gbé kóòtù lé e láyà.

"Mo ṣẹ̀ ẹ́," Abẹ́rẹ́ ní.

"O ò ṣẹ̀ mí. Bàbá ẹ lo fẹ́ràn. Ṣé o ṣì ń bínú?"

"Mo ń bínú gan-an. Mo jí pẹ̀lú ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo rántí ẹ̀rín ọkùnrin yẹn, ọwọ́ mi ò lè di abẹ́rẹ́ mú. Mi ò rò pé ó máa tán."

"Kí ó má tán," Oníyìnyín ní. "Àwọn ilé ìwòsàn mìíràn wà tí wọ́n ti dá tiwọn dúró bẹ́ẹ̀. Àwọn olómi iyọ̀ tiwọn ò rí ẹni jókòó sẹ́nu ọ̀nà fún wọn. Dókítà Àgbà ní òun ń lọ bá wọn jókòó. Mo ní màá bá a lọ."

Abẹ́rẹ́ wò ó, ọkùnrin tí kò níṣẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ti bó, tí irun rẹ̀ ò dára. Ìfẹ́ rẹ̀ kún inú rẹ̀ débi pé ó dùn ún.

"Tí o bá ń lọ, èmi náà ń lọ," ó ní. "Kí ìyá mi má sì gbọ́ pé mo ń bá ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ mi rìn káàkiri. Lọ bá bàbá mi sọ̀rọ̀ lónìí, kí o fẹ́ mi. Ó ti rẹ̀ mí láti máa dá nìkan bínú."

Oníyìnyín dìde lójú ẹsẹ̀, ó padà wọlé lọ bá bàbá.